Lẹ́tà Mẹ́tàdínlógún Tí Mi Ò Ṣílẹ̀kùn Fún

Èmi ni mo pa ìpàdé lẹ́tà àdúgbò wa. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn yìí kàn mí rí, torí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó kú, àmọ́ èmi mọ̀ pé èmi ni. Mo dá gúrúùpù kan sílẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé kan, mo kó gbogbo èèyàn síbẹ̀, kó tó tó oṣù méjì ẹnikẹ́ni ò kọ lẹ́tà mọ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí ìpàdé lẹ́tà jẹ́, torí àwọn tó ń dàgbà báyìí ò bá a. Nígbà tí a kọ́kọ́ kó dé ẹ̀yìn Ṣàngótẹ̀dó, ilé mẹ́rìnlá péré ló wà ládùúgbò wa, àbàtà ló yí wa ká. Ọ̀pọ̀ wa máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí, a kì í rí ara wa sójú títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Akọ̀wé ni mí ní iléeṣẹ́ kan ní Lẹ́kkí nígbà náà, iwájú kọ̀ǹpútà ni mo máa ń wà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ni mo bá ṣí àdírẹ́sì ìmeèlì kan fún àdúgbò. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá kọ lẹ́tà sí àdírẹ́sì yẹn, á dé inú àpótí ìmeèlì gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹlòmíràn bá fèsì, gbogbo wa la máa rí èsì náà. Gbogbo ohun tí a bá kọ ló sì ń wà nípamọ́ síbì kan, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé lè lọ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Àdírẹ́sì tí mi ò bá mọ̀, lẹ́tà rẹ̀ á dúró síta títí màá fi yọ̀ǹda pé kó wọlé.

Lẹ́tà gidi ni àwọn èèyàn máa ń kọ. Wọ́n á kí gbogbo ilé, wọ́n á béèrè àlàáfíà, kí wọ́n tó wá sọ pé òpó iná tó wà níwájú ilé àwọn ti ń dagẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá bínú á fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tó fèsì, torí ó mọ̀ pé ohun tóun bá kọ ò ní pa rẹ́. A jà níbẹ̀ o. A jà lórí jẹnẹrétọ̀, a jà lórí adìyẹ, a jà lórí ibi tí a ó máa da ìdọ̀tí sí. Àmọ́ ìjà tí èèyàn lè kà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni, ó sì máa ń parí.

Lẹ́tà èèyàn méjì ló máa ń dùn mọ́ mi jù. Ẹni àkọ́kọ́ ni bàbá kan tí ilé wọn kángun sí àbàtà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, a sì ń pè wọ́n ní Bàbá Awọnlẹ̀. Wọ́n ri igi kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé wọn, wọ́n fa ìlà sí i lára, lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá ni wọ́n máa ń kọ̀wé sí wa pé omi dé ìlà báyìí-báyìí. Ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ̀wé, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ. Ẹnì kejì ni olórí ẹbí àwọn onílẹ̀ tó ta ilẹ̀ fún wa. Bàbá arúgbó yìí ò lè tẹ̀wé rárá. Ọmọbìnrin wọn ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá ṣe ń sọ ọ́, kì í yí i padà sí Yorùbá ilé ìwé, bí àwọn ará etí ọ̀sà ṣe ń fọ̀ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń ka lẹ́tà tiwọn kó tó yé wa, tó bá sì yé wa a ó rẹ́rìn-ín.

Ọdún kan tí òjò pọ̀, Bàbá Awọnlẹ̀ kọ lẹ́tà béèrè lọ́wọ́ olórí ẹbí nípa ilẹ̀ tóóró kan tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá. Ibẹ̀ ni omi àbàtà máa ń gbà lọ sínú ọ̀sà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹbí máa tà á lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kẹta ni èsì dé. Olórí ẹbí ní ojú omi ni ilẹ̀ yẹn, pé àwọn bàbá àwọn ò tà á, àwọn náà ò tà á, ọmọ àwọn kankan ò sì gbọdọ̀ tà á lẹ́yìn àwọn. Wọ́n ní omi ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, àwọn ló bá a níbẹ̀, àwọn ò sì ní lé onílé jáde. Iléeṣẹ́ ni mo wà tí mo fi ka lẹ́tà yẹn, mo sì rántí pé mo rẹ́rìn-ín débi tí ẹni tó jókòó tì mí fi béèrè pé kí ló dé.

Fóònù olójú gbọọrọ wá dé ọwọ́ gbogbo wa. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ò fẹ́ ka ìmeèlì, wọ́n ní ó ti gbó jù, pé ta ló fẹ́ kí èèyàn ẹ kú ilé kó tó sọ̀rọ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ó rẹ èmi náà láti máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo dá gúrúùpù sílẹ̀, inú gbogbo èèyàn sì dùn.

Láti ìgbà yẹn ni àyà mi ti ń já. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀. Fóònù á dún, màá ti rò pé ilé kan ń jó. Màá ṣí i, àdúrà ìdájí ni ẹnì kan fi ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹlòmíràn ń ta adìyẹ dídì, àwọn méjì ń bú ara wọn lórí òṣèlú, ẹnì kan sì ti fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́fà ránṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tán. Ohun tí a bá sọ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán ó ti wọlẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé àwòrán òpópónà kan tí omi ti bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ní àdúgbò wa ni. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Lẹ́kkí, mo sáré wálé. Ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ìlú tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ti ya àwòrán náà.

Nígbà tí olórí ẹbí kú, inú gúrúùpù yìí ni wọ́n kéde rẹ̀ sí. Ìkéde náà bọ́ sáàárín ẹni tó ń ta epo àti ẹni tó ń wá ilé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ti sin wọ́n tán kí n tó gbọ́. Bàbá Awọnlẹ̀ náà kó kúrò, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n lọ bá ọmọ wọn obìnrin ní Addo. Fóònù kékeré tó mọ ìpè nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn, nítorí náà wọn ò sí nínú gúrúùpù. Mo ní lọ́kàn pé màá lọ kí wọn. Mi ò lọ. Nígbà tó yá mo fi iléeṣẹ́ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ti àdírẹ́sì tí mo ń lò níbẹ̀ pa, èyí tí wọ́n fi máa ń sọ fún mi pé lẹ́tà kan ń dúró síta. Mi ò rántí ìpàdé lẹ́tà mọ́ rárá.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, típà bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn sí ojú omi. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì. Gúrúùpù gbóná. Ohun tí àwọn èèyàn kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pọ̀ débi pé mi ò lè kà á tán, síbẹ̀ kò sí ìpinnu kan nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹnì kan ní ká gbàdúrà, àwọn kan bínú jáde. Èmi ò lè jẹun. Ilé mi ni ilé kejì sí ojú omi yẹn, mo sì mọ ibi tí omi máa ń dé kódà nígbà tí ọ̀nà rẹ̀ wà ní ṣíṣí.

Àwa mẹ́ta la lọ sọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ọmọ olórí ẹbí tó kú ló wà nípò bàbá rẹ̀ báyìí, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó fún wa ní àga, ó fún wa ní omi, ó gbọ́ wa dé ìparí.

Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ilẹ̀ ẹbí wa ni. Bàbá wa ò sọ fún èmi pé a ò gbọdọ̀ tà á. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún yín, ṣé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kọ ọ́, lẹ́tà kan wà.

"Ẹ mú un wá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó rà á á wà níbẹ̀. Tí mo bá rí ọ̀rọ̀ bàbá mi, mi ò ní bá a jiyàn."

Mo jáde níbẹ̀ bí ẹni tó borí. A ò tíì dé ojú títì tí mo fi rántí pé mi ò ní lẹ́tà kankan lọ́wọ́.

Mo béèrè nínú gúrúùpù bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ní àwọn lẹ́tà àtijọ́ lọ́dọ̀. Ẹnì kan fi àwòrán àtẹ́lẹwọ́ àdúrà ránṣẹ́. Ẹnì kan ní òun ti nu gbogbo ìmeèlì òun dànù kí àyè lè wà fún fọ́tò. Mo wá ọmọbìnrin tó máa ń tẹ̀wé fún bàbá rẹ̀ kàn lókè òkun níbi tó wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó rántí lẹ́tà náà, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ní kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ti bàjẹ́, òun ò sì lè fi ẹnu lásán bá ẹ̀gbọ́n òun fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn ibi tí àwọn lẹ́tà náà wà nípamọ́, èmi nìkan ni mo sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Mo ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù. Ọjọ́ Mọ́ńdè, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà ọkọ mi, mo gbìyànjú orúkọ àwọn ọmọ mi, mo gbìyànjú ọjọ́ ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ìgbà karùn-ún ó ní òun máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù mi. Mo wo òǹkà tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà tó sọ nù lọ́wọ́ mi lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ni, mi ò sì gbà á padà. Nígbà yẹn náà ni mo rántí pé ìkìlọ̀ kan ti wọlé sínú ìmeèlì tí mò ń lò báyìí lọ́dún tó kọjá, pé wọ́n máa pa àwọn ìpàdé lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ rẹ́. Mi ò kà á parí. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n tiẹ̀ ti pa tiwa rẹ́.

Mo pe nọ́ńbà mi àtijọ́. Obìnrin kan gbé e. Mo ṣàlàyé fún un pé nọ́ńbà yìí ti jẹ́ tèmi rí, pé kóòdù kan máa wọlé sórí fóònù rẹ̀, kó jọ̀ọ́ kà á fún mi.

"Ẹ̀yin lẹ ṣìkẹta tó máa tọrọ kóòdù lọ́wọ́ mi lọ́dún yìí," ló wí, ó sì pa fóònù.

Mo tún pè é, kò gbé e. Mo pè é títí ó fi dí ọ̀nà mọ́ mi. Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, ohun tó sì ń bà mí nínú jẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ kejì mo fi fóònù ọkọ mi pè é, mi ò mẹ́nu ba kóòdù, mo ní ó kàn wù mí kó rí mi sójú kó tó pinnu. Ó ronú sí i. Ó ní bí mo bá jẹ́ èèyàn gidi, kí n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ní Awoyaya lọ́jọ́rú, lẹ́yìn ìsìn.

Mo kọ ibi tí mò ń lọ sílẹ̀ fún ọkọ mi, mo ní bí mi ò bá pè kó tó di aago méjì kó wá mi wá. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń rò ó pé àgbàlagbà bíi tèmi ń lọ pàdé ẹni tí kò mọ̀ rí nítorí òǹkà mẹ́fà. Nígbà tí mo débẹ̀, ìsìn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Àwọn èèyàn tó wọ sùtánà funfun ń jáde, wọ́n ń wá bàtà wọn níta. Ọ̀kan nínú wọn wá bá mi láìwọ bàtà, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, ọ̀dà gbẹ sí i léèékánná. Ó ní ilé lòun ń kùn, pé iṣẹ́ ń dúró de òun ní òdìkejì títì, kí n tètè sọ̀rọ̀.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó sọ fún mi pé ẹnì kan ti fi irú kóòdù bẹ́ẹ̀ gba gbogbo ohun tó wà lórí fóònù òun lọ́dún tó kọjá, ó fi orúkọ òun tan àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, ó sì tó oṣù mẹ́ta kí àwọn kan tó tún máa kí òun. Mo ní mi ò dá a lẹ́bi. Ó wò mí.

"Kí ni wọ́n máa ń pè yín, mà?"

Mo ní ládùúgbò wa, Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní bàbá àgbàlagbà kan máa ń pe nọ́ńbà òun. Tí òjò bá ti rọ̀ gan-an, lọ́jọ́ kejì bàbá náà á pè, á ní, "Ṣé Akọ̀wé nìyẹn?" Òun á ní wọ́n ti ṣi nọ́ńbà pè, wọ́n á tọrọ àforíjì. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń pè é.

Mo ní mo mọ bàbá náà, pé èmi ni wọ́n ń wá. Obìnrin náà dìde, ó mú fóònù rẹ̀ jáde nínú àpò, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀.

Mo ti gbé kọ̀ǹpútà ọkọ mi dání. Kóòdù dé, ó kà á fún mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka nǹkan fún ọmọ iléèwé, mo ṣi ìkẹrin tẹ̀, ó sì tún un kà. Ojú ewé náà ṣí. Wọ́n kọ ọ́ sókè pé ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà. Mo wá orúkọ olórí ẹbí, lẹ́tà náà jáde, ọ̀rọ̀ omi àti onílé wà níbẹ̀ bí mo ṣe rántí rẹ̀. Obìnrin akunlé ní ògo ni fún Olúwa, èmi náà sì ṣe àmín.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé náà. Lẹ́tà mẹ́tàdínlógún wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń dúró de àṣẹ mi. Àdírẹ́sì kan náà ni gbogbo wọn ti wá, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Mo ṣí èyí tó pẹ́ jù.

"Ẹ kú ilé o, gbogbo ará ilé. Mo ti pààrọ̀ àdírẹ́sì, torí mo gbàgbé ọ̀rọ̀ tí mo fi ń wọlé sí ti tẹ́lẹ̀. Addo ni mo wà báyìí, kọ̀ǹpútà ọmọ mi ni mo fi ń kọ èyí. Báwo ni omi ṣe ń ṣe sí yín?"

Bàbá Awọnlẹ̀ ni. Mo ka ìkejì, mo ka ìkẹta. Wọ́n béèrè nípa igi tí wọ́n ri mọ́lẹ̀, bóyá ó ṣì wà lóòró. Wọ́n kí wa kú ọdún. Wọ́n bá àwọn ọmọ olórí ẹbí kẹ́dùn, lẹ́tà gígùn kan tó dára, tí àwọn ọmọ náà ò rí. Nínú èyí tó ṣìkẹrìndínlógún, tí wọ́n kọ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ọmọ àwọn gbé àwọn wá sí àdúgbò wa láti kí ẹnì kan tí àwọn ò bá nílé, àwọn sì rí òpó kékeré táwọn awọnlẹ̀ fi ń sàmì, mẹ́rin, lójú omi. Wọ́n kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí èkejì. Wọ́n ní ká tètè lọ rí ẹbí kó tó pẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn kúrú.

"Mo gbà pé ẹ ti yọ mí kúrò. Kò burú. Ẹ ṣáà máa ṣọ́ ojú omi."

Odindi ọdún kan ni à bá ti fi ṣáájú típà. Mo sọ ọ́ fún obìnrin akunlé, nítorí òun ló wà níbẹ̀. Kò tù mí nínú. Ó ní kí n dìde, kí n lọ bá bàbá náà lónìí, kí n má fi í di ọ̀la.

Ilé ọmọ wọn wà nínú Addo, lókè ilé kan tí wọ́n ti ń ta oògùn. Bàbá jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ti tín-ín-rín, ojú wọn funfun díẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Kí n tó sọ ẹni tí mo jẹ́, wọ́n ti dá ohùn mi mọ̀.

"Akọ̀wé," ni wọ́n wí. "Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Mo ti rò ó pé wọ́n lè bínú, mo ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Mi ò múra sílẹ̀ fún ìbéèrè yẹn. Mo sunkún kí n tó lè ṣàlàyé bí ẹnu ọ̀nà ṣe wà ní títì, tí mo kúrò níbẹ̀ tí mi ò wẹ̀yìn. Wọ́n tẹ́tí sí mi. Wọn ò sọ pé kò burú. Wọ́n kàn béèrè bóyá gbogbo lẹ́tà náà ṣì wà níbẹ̀, mo ní gbogbo rẹ̀ wà, wọ́n ní kí n kà wọ́n fún àwọn. Mo ka mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí mo dé ibi òpó mẹ́rin, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní mo ka ẹsẹ̀ bàtà kan ní àṣìkà. Mo wò ó dáadáa. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá bá wa lọ. Ọmọ wọn dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Ọkùnrin tó ra ilẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn àgbà ẹbí mẹ́rin wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni àbúrò olórí ẹbí tó kú, ìyá arúgbó kan tó fi aṣọ bo orí. Mo fún ọmọ olórí ẹbí ní lẹ́tà tí mo tẹ̀ sórí bébà. Ó kà á sínú, ó wò mí, ó wo bébà náà. Mo mọ ohun tó ń rò, ẹnikẹ́ni lè tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìyá arúgbó náà ní kó kà á sókè.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń ka ìwé. Nígbà tó dé àárín, ohùn rẹ̀ yí padà fúnra rẹ̀, torí èèyàn ò lè ka ọ̀rọ̀ yẹn kó má sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní etí ọ̀sà. Nígbà tó dé ibi omi àti onílé, ìyá arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi aṣọ nu ojú.

"Ẹnu rẹ̀ nìyẹn," ló wí. "Kò sẹ́lòmíràn tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo tún fún ọmọ olórí ẹbí ní lẹ́tà tí Bàbá Awọnlẹ̀ kọ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó ká a pọ̀, ó fi í sínú àpò àyà rẹ̀, ó ní òun á kà á nílé.

Bó ṣe parí kò dùn tán. Ọkùnrin tó ra ilẹ̀ náà ò fẹ́ gbọ́ pé kó kó yanrìn rẹ̀ kúrò pátápátá, ẹbí náà sì ti tọwọ́ bọ̀wé fún un. Wọ́n jọ jókòó títí ó fi rẹ gbogbo wa. Bàbá Awọnlẹ̀ ló wá sọ ìwọ̀n tí omi nílò kó má bàa ya wọ ilé wa, wọ́n sọ ọ́ láti orí, wọn ò wo ìwé. Ẹbí àti ẹni tó ra ilẹ̀ gbà láti sún fẹ́ǹsì sẹ́yìn kí ọ̀nà tóóró lè kù, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní tà á mọ́. Ìdajì ojú omi ló kù fún wa.

Òjò dé. Omi wọ ilé mẹ́ta dé ọrùn ẹsẹ̀. Tiwa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ká ní fẹ́ǹsì yẹn wà níbi tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí ni, mi ò fẹ́ máa rò ó.

Kí ọjọ́ mọ́kànlá yẹn tó pé, mo kó gbogbo lẹ́tà náà sílẹ̀, mo tẹ̀ wọ́n sórí bébà, mo fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà kan. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìkẹyìn, mo yọ̀ǹda lẹ́tà mẹ́tàdínlógún náà. Kò wúlò fún nǹkan kan, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí wọ́n pa wọ́n rẹ́ níta. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tó pẹ́ jù. Kò pẹ́ tí ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé sí mi, àdírẹ́sì yìí ò sí mọ́, àdírẹ́sì yìí ò sí mọ́, títí ojú ewé fi kún. Ẹnì kan ṣoṣo ló fèsì, obìnrin tó ti kó kúrò lọ sí Ìbàdàn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó kọ ọ́ pé inú òun dùn láti gbọ́ ohùn Bàbá, ó sì béèrè pé ta ló wà nínú ilé òun báyìí.

Gúrúùpù ṣì wà. Mo ṣì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni mò ń kọ ìmeèlì sí Bàbá Awọnlẹ̀, ọmọ wọn á kà á fún wọn, wọ́n á sọ èsì, á bá wọn tẹ̀ ẹ́. Tí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí èsì ò dé, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àpótí ìmeèlì mi láràárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, màá wo ibi tí ìmeèlì rádaràda máa ń bọ́ sí, bóyá wọ́n ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá èsì ò dé títí di ọjọ́ Fráìdè. Mo pè, fóònù ò lọ. Mo wọ bàtà, mo lọ sí Addo. Ọmọ wọn ló ṣílẹ̀kùn, ó ní kò sí iná láti ọjọ́ Túsìdè, kọ̀ǹpútà ti kú, fóònù náà ti kú. Bàbá ń jẹ ẹ̀bà nídìí tábìlì. Wọ́n béèrè ohun tó gbé mi wá, mo ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní kí n jókòó. Òjò bẹ̀rẹ̀, mo jókòó tì wọ́n títí ó fi dá.